Jonathan Hutchinson àti Ọmọdé Tí Ó Darúgbó Láìtọ́jọ́

Kò sí àdúrà tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwa Yorùbá ju pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ gbó, kí ó sì tọ́. Bí a bá ń sọ ọmọ lórúkọ, a ó gbà á. Bí ọmọ bá dọ̀bálẹ̀ kí bàbá rẹ̀ ní òwúrọ̀, a ó tún gbà á. Ohun tí àdúrà náà ń tọrọ ni pé kí ọjọ́ ogbó dé ní àsìkò tirẹ̀, kí irun funfun àti awọ híhunjọ jẹ́ ẹ̀rí pé ènìyàn ti pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà, wọn kò pọ̀ rárá, tí àmì ogbó máa ń yọ lára wọn kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì. Progeria ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pe àìsàn wọn. Dókítà ará Ìlú Ọba kan tí ń jẹ́ Jonathan Hutchinson ni ó kọ́kọ́ kọ nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìṣègùn, ní ọdún 1886. Ìtàn ìgbésí ayé ọkùnrin yìí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa nínú ìwé ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí.

Mo mọ̀ pé orúkọ Hutchinson kì í ṣe àjèjì sí àwọn tí ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn láàrin wa. Wọ́n ti bá a pàdé níbi ẹ̀kọ́ nípa eyín, ojú àti etí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń ka ìtàn rẹ̀, ohun tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ojú ìwé díẹ̀ tí ó kọ nípa ọmọ kékeré kan tí kò rí oògùn fún. Èrò tèmi ni pé iṣẹ́ kékeré yẹn ni ó yẹ kí a máa fi rántí rẹ̀ jù, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ìbí àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀

A bí Jonathan Hutchinson ní ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 1828 ní ìlú Selby, ní agbègbè Yorkshire, ní apá àríwá ilẹ̀ England. Ọmọ ìjọ Quaker ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ yìí kì í fẹ́ àṣehàn. Wọ́n kórìíra ogun, wọ́n sì fẹ́ràn òtítọ́ àti iṣẹ́ àṣekára. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ilé yìí hàn nínú gbogbo ohun tí Hutchinson ṣe lẹ́yìn náà.

Ní ìgbà náà, ẹni tí yóò bá ṣe dókítà ní láti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé wa ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ tàbí lọ́dọ̀ oníṣègùn. Hutchinson kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ dókítà Caleb Williams ní ìlú York, ó sì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí ó wà ní ìlú náà. Lẹ́yìn èyí, ó kọjá sí London, ó wọ ilé ìwòsàn St. Bartholomew, níbi tí James Paget, ọ̀kan nínú àwọn ògbóǹtarìgì oníṣẹ́-abẹ ìgbà náà, ti kọ́ ọ. Ó gba ìwé ẹ̀rí oníṣẹ́-abẹ ní 1850, kí ó tó pé ọmọ ọdún 23.

Iṣẹ́ Rẹ̀ ní London

Ní òde òní, dókítà tí ó ń wo ojú kì í sábà wo awọ ara, ẹni tí ó sì ń ṣe iṣẹ́-abẹ ìfun kì í dá sí ọ̀ràn eyín. Ti Hutchinson kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń ṣe iṣẹ́-abẹ ní London Hospital, ó ń wo ojú ní ilé ìwòsàn Moorfields, ó sì ń tọ́jú àrùn awọ ara ní ilé ìwòsàn tí ó wà ní Blackfriars. Nítorí pé ó ń káàkiri báyìí, ohun tí ó bá rí ní ibì kan ni ó fi máa ń tún ohun tí ó rí ní ibòmíràn yẹ̀ wò.

Ọ̀nà yìí ni ó gbà rí ohun tí ó sọ ọ́ di olókìkí. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ kan tí ẹyinjú wọn ti di bàìbàì tún ní eyín iwájú tí ẹnu rẹ̀ gé wọnú bí oṣù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti pé etí àwọn mìíràn nínú wọn ń di. Ó fi yé àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àrùn kan ṣoṣo ni ó fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyíinì ni syphilis tí ọmọ kó láti inú ìyá rẹ̀. Ó gbé ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1863, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe irú eyín bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ní 1871, ó ṣe iṣẹ́-abẹ fún ọmọ ọdún méjì kan tí apá kan ìfun rẹ̀ wọ inú apá mìíràn, ọmọ náà sì yè. Ní ayé ìgbà náà, ikú ni irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń já sí fún ọmọdé. Ó tún wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kìlọ̀ pé asẹ́níìkì, tí àwọn dókítà ń fún aláìsàn lò fún ọdún pípẹ́, lè fa jẹjẹrẹ awọ ara.

Ìwé kíkọ kò sú u rí. Láti 1889 títí di 1900, ó ń gbé ìwé àtìgbàdégbà kan jáde tí ó pè ní Archives of Surgery. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí aláìsàn bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò kọ ọjọ́ orí rẹ̀ sílẹ̀, yóò kọ bí ara àwọn òbí rẹ̀ ti rí, yóò sì fẹ́ kí ayàwòrán fi ọ̀dà ya ohun tí ó wà lára rẹ̀. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tí ó kó jọ pọ̀ púpọ̀, ó sì ń fi wọ́n kọ́ àwọn dókítà mìíràn lẹ́kọ̀ọ́.

Ọmọdé Inú Ìwé 1886

Ní 1886, Hutchinson tẹ ìròyìn kan jáde nínú ìwé ẹgbẹ́ àwọn dókítà ìlú London. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́ta ààbọ̀ kan ni ìròyìn náà dá lé. Kò sí irun lórí rẹ̀, kò sí àmì ọmú ní àyà rẹ̀, awọ ara rẹ̀ tín-ín-rín, ojú rẹ̀ sì jọ ti àgbàlagbà tí ó ti gbó. Hutchinson kò ní orúkọ tí yóò pe àìsàn náà. Kò ní oògùn rẹ̀, kò sì rí ẹlòmíràn tí ó ti kọ nípa irú rẹ̀ rí. Ojú ìwé tí ó kọ kò ju márùn-ún lọ.

Ohun kan wà nínú ìròyìn yẹn tí mo fẹ́ kí a fi ọkàn sí. Orí ìyá ọmọ náà ti pá láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Hutchinson kò fi èyí pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Inú àkọlé rẹ̀ gan-an ni ó kọ ọ́ sí. Ẹni tí ó bá ka àkọlé náà yóò rò pé láti ara ìyá ni àìsàn ọmọ ti wá. Kò burú kí dókítà ronú bẹ́ẹ̀ nígbà náà, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ń jẹ́ jíìnì. Ṣùgbọ́n bí a ó ti rí i níwájú, ìyá náà kò mọwọ́ kò mọsẹ̀.

Hastings Gilford, oníṣẹ́-abẹ kan ní ìlú Reading, ni ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Gilford rí ọmọ mìíràn tí ó jọ ti Hutchinson, ó sì kọ ìròyìn tirẹ̀ ní 1897. Ní 1904, òun ni ó fún àìsàn náà ní orúkọ progeria. Láti inú èdè Gíríìkì ni ó ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ogbó tí ó dé ṣáájú àkókò. Lónìí, orúkọ àwọn méjèèjì ni a pa pọ̀ tí a fi ń pe àìsàn náà, Hutchinson-Gilford. Ní ọdún 1904 kan náà, Otto Werner, tí ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Kiel ní ilẹ̀ Jámánì, kọ nípa àwọn ọmọ ìyá mẹ́rin tí ojú wọn tètè ṣú tí awọ ara wọn sì yí padà bí ti arúgbó. Àìsàn tirẹ̀ yàtọ̀, nítorí ẹ̀yìn ìgbà tí ènìyàn bá ti bàlágà ni ó máa ń yọjú.

Ibi Tí Ó Ti Ṣìnà

Bí a bá ń sọ ìtàn ẹni ńlá, kò yẹ kí a sọ ti rere nìkan. Hutchinson gbà gbọ́ pé ẹja tí kò dára, tí ó ti ń rà, ni ó ń fa ẹ̀tẹ̀. Ní 1873, Armauer Hansen ti rí kòkòrò ẹ̀tẹ̀ ní ilẹ̀ Norway. Hutchinson kò sẹ́ pé kòkòrò náà wà, ṣùgbọ́n ó takú pé inú ẹja ni ó ń gbà wọ ara ènìyàn. Ó rin ìrìn-àjò dé Gúúsù Áfíríkà àti Índíà nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì kọ odidi ìwé kan lé e lórí ní 1906. Bí ó ti jẹ́ àgbà tó, tí oyè rẹ̀ sì pọ̀ tó, àwọn onímọ̀ kò gbà fún un. Ẹja kò ní ọwọ́ nínú ẹ̀tẹ̀.

Mo ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ nítorí pé ẹni kan náà ni ó kọ nípa ọmọ 1886 àti nípa ẹja. Nínú àkọ́kọ́, ó jẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣíwájú, kí àlàyé sì tẹ̀ lé e. Nínú èkejì, àlàyé ti wà lọ́kàn rẹ̀ kí ó tó gbéra nílé, ẹ̀rí tí yóò gbè é ni ó ń wá kiri. Èyí tí ó rí ṣì wúlò. Èyí tí ó ti pinnu kí ó tó rí ti di ohun ìgbàgbé.

Ọlá Rẹ̀ àti Ìgbẹ̀yìn Ayé Rẹ̀

Ní 1882, Royal Society, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ìlú Ọba, gbà á wọlé. Ní 1889, ó di ààrẹ Royal College of Surgeons, ipò tí ó ga jù láàrin àwọn oníṣẹ́-abẹ ilẹ̀ England. Ní 1908, Ọba Edward Keje fi í joyè Sir. Síbẹ̀, kì í ṣe àárín àwọn ọlọ́lá nìkan ni ó wà. Ní abúlé Haslemere ní agbègbè Surrey, níbi tí ó ní ilé sí, ó dá ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan sílẹ̀ ní 1888. Níbẹ̀ ni ó ti máa ń kọ́ àwọn ará àdúgbò, àgbẹ̀ àti oníṣòwò, nípa òkúta, ẹyẹ, ewéko àti ìtàn ayé. Ilé náà ṣì wà títí di òní. Ó dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Selby, ìlú tí a bí i sí, pẹ̀lú.

Ó kú ní Haslemere ní ọjọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 1913. Ó ku oṣù kan kí ó pé ẹni ọdún 85. Ọkùnrin tí ó kọ́kọ́ kọ nípa ọmọ tí ogbó dé bá láìtọ́jọ́, òun fúnra rẹ̀ gbó, ó sì tọ́.

Ohun Tí A Rí Lẹ́yìn Rẹ̀

Láti 1886 sí 2003 jẹ́ ọdún 117. Nínú oṣù kẹrin ọdún 2003, ọ̀wọ́ àwọn onímọ̀ méjì, ọ̀kan tí Francis Collins ṣe olórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, èkejì tí Nicolas Lévy ṣe olórí rẹ̀ ní Marseille ní ilẹ̀ Faransé, kéde pé àwọn ti rí ohun tí ń fa progeria. Jíìnì kan tí a ń pè ní LMNA ni ọ̀rọ̀ náà wà. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ lẹ́tà tí a fi kọ jíìnì yìí, ẹyọ kan péré, èyí tí ó wà ní ipò 1824, ni ó yí padà láti C sí T.

Àwa tí a ń kọ Yorùbá mọ ohun tí àmì kékeré kan lè ṣe. Bí a bá ṣi àmì ohùn fi sórí ọkọ̀, ó lè di ọkọ́. Ti jíìnì yìí tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dà bí ẹfun tí ènìyàn ṣèèṣì fà sórí aṣọ tí télọ̀ fẹ́ gé. Télọ̀ yóò tẹ̀ lé ìlà náà, yóò sì gé aṣọ ní ibi tí kò yẹ. Bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń gé iṣẹ́ tí jíìnì rán an, tí púrótéènì tí ó yẹ kí ó ṣe fi ń dín ní ègé 50. Púrótéènì tí ó pé ni ó máa ń dúró bí òpó fún ògiri kókó inú sẹ́ẹ̀lì. Èyí tí a gé kù, tí a pè ní progerin, ní ìrù ọ̀rá kan tí ó yẹ kí a ti gé kúrò, ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń gé e ti bá ègé 50 náà lọ. Ìrù yìí ń mú un lẹ̀ mọ́ ògiri náà, ògiri a sì wọ́.

Jákèjádò ayé, àìsàn yìí kò ju ọmọ kan lọ nínú bí i mílíọ̀nù 4 tí a bá bí. Wọn a bí ọmọ náà bí ọmọ gbogbo. Láàrin ọdún kìn-ín-ní sí èkejì, kò ní í dàgbà mọ́ bí ẹgbẹ́ rẹ̀, irun rẹ̀ yóò máa jẹ, ọ̀rá yóò tán lábẹ́ awọ ara rẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ yóò pé ṣáká. Yóò ṣeré, yóò kàwé, yóò sì mọ ohun tí ń ṣe é. Iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni yóò máa le bí ti ẹni ọgọ́rin ọdún. Bí kò bá sí ìtọ́jú, bí i ọdún 14 ààbọ̀ ni iye tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń lò láyé ní ìdọ́gba, àìsàn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ ni ó sì máa ń pa wọ́n.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lójú mi nínú ìwádìí 2003 ni pé, ní ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn ọmọ yìí, ìyípadà náà kò sí lára ìyá, kò sì sí lára bàbá. Ìgbà tí oyún fẹ́ ṣẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀. Kò sí ohun tí òbí jẹ, kò sí ohun tí ó ṣe, kò sì sí ẹni tí ó ṣẹ̀ tí ó fa á. Bí a bá bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sáàárín wa lónìí, ẹ̀rù ohun tí a ó sọ ń bà mí. A lè pè é ní àbíkú, a lè pè é ní ẹmẹ̀rẹ̀, a sì lè máa wo ìyá rẹ̀ ní ìwòkuwò ní ọjà. Ó yẹ kí àwa tí a kàwé mọ èsì tí a ó fún ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀.

Ìtọ́jú náà ti ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Oògùn kan tí a ń pè ní lonafarnib, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nítorí jẹjẹrẹ, kì í jẹ́ kí ìrù ọ̀rá yẹn lẹ̀ mọ́ púrótéènì. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún progeria ní oṣù kọkànlá ọdún 2020. Kì í wo àìsàn náà tán, ṣùgbọ́n ó ń fi bí i ọdún méjì ààbọ̀ kún ẹ̀mí àwọn ọmọ náà ní ìdọ́gba. Ní 2021, àwọn onímọ̀ ròyìn pé àwọn tún lẹ́tà tí ó yí padà náà ṣe lára eku, àwọn eku náà sì lò ju ìlọ́po méjì ọjọ́ tí wọn ì bá lò lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a kò ní àìsàn yìí pẹ̀lú. Ní 2006, Paola Scaffidi àti Tom Misteli fi hàn pé progerin díẹ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì àwọn àgbàlagbà tí ara wọn le. Èyí kò túmọ̀ sí pé ogbó àti progeria jẹ́ ọ̀kan náà, nítorí àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ní jẹjẹrẹ tàbí ìgbàgbé bí àwọn arúgbó kan ti ń ní. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹni tí ó bá ń ṣe ìwádìí nípa àìsàn ọmọ díẹ̀ lè rí ohun tí yóò kan gbogbo ayé. Hutchinson kan náà ni ó kọ nípa àbàwọ́n dúdú kan tí máa ń yọ lójú àwọn òyìnbó tí ó ti dàgbà, tí ó ń tàn díẹ̀díẹ̀, tí ó sì lè di jẹjẹrẹ. Lónìí a mọ̀ pé oòrùn tí ó ti ń pa awọ ara láti ọdún pípẹ́ ni ó ń fa á. Oòrùn yìí náà wà lára ohun tí ń mú kí awọ ojú hunjọ kí ti abẹ́ aṣọ tó hunjọ.

Ẹ̀kọ́ Tí Ó Wà Níbẹ̀ fún Wa

Lára wa ni àwọn tí yóò di dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti oníròyìn. Ọ̀pọ̀ ohun ni a ó rí tí a kò ní í mọ ìdí rẹ̀, a ó sì rí aláìsàn tí apá wa kò ní í ká àìsàn rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wa ni a ó rí oògùn. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò lè wo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ dáadáa, kí ó kọ ọ́ bí ó ti rí gan-an, kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí ó sì fi pamọ́ sí ibi tí ẹlòmíràn yóò ti rí i. Mo tún rọ àwọn tí ń kọ́ èdè Yorùbá láti bá àwọn tí ń kọ́ sáyẹ́ǹsì jókòó, kí a lè ní ọ̀rọ̀ tí ìyá ọmọ yóò gbọ́ nígbà tí dókítà bá ń ṣàlàyé fún un.

Hutchinson kò gba ọmọ 1886 là. Ohun tí ó ṣe ni pé kò jẹ́ kí ọmọ náà kọjá lọ bí ẹni tí kò wá sáyé. Ojú ìwé márùn-ún tí ó kọ ni Gilford rí kà, ti Gilford ni àwọn mìíràn rí kà, títí tí ó fi dé ọwọ́ àwọn tí ó rí lẹ́tà tí ó ṣìnà, tí wọ́n sì wá oògùn dé ibi tí ó dé lónìí. Àwọn ọmọ tí ń lo oògùn náà báyìí ń jẹ nínú iṣẹ́ tí ó ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó bí àwọn òbí wọn àgbà.